Atẹ́gùn ló ń ru ẹrù, kì í ṣe rọ́bà: ìdáhùn fún Àǹtí tó ń fi Hilux kó pákí

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú òjò. Mo rí ìbéèrè yín, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Kí àwọn yòókù tó ń kà á lè mọ ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ n tún un sọ ní kúkúrú. Ẹ ní Hilux ọdún 2012, táyà 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ti ojú títì, wọ́n sì ti dán. Ẹ ń fi kó pákí láti oko tó wà lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé wá síbi tí ẹ ti ń yan gàárì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹrù máa ń tó tọ́ọ̀nù kan, nígbà míì ó tún máa ń lé. Ọjọ́ Sátidé ẹ tún máa ń gbé gàárì lọ Ìbàdàn. Lóṣù tó kọjá ọkọ̀ há sínú ẹrẹ̀ láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Dẹ́rẹ́bà yín ní MT, ìyẹn táyà ẹrẹ̀, lẹ máa rà, fọganáísà yín ní kẹ́ ẹ ṣáà fi 50 psi (psi ni òṣùwọ̀n tí géèjì fi ń ka atẹ́gùn táyà) sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí ẹrù. Ẹ wá ní kí n bá yín dá sí i, táyà wo, atẹ́gùn mélòó. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ya fọ́tò pépà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ránṣẹ́ pẹ̀lú, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè dáhùn dáadáa.

N ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ táyà. Atẹ́gùn ni màá kọ́kọ́ sọ, torí òun ló ká mi lára jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá ra táyà olówó gegere tí ò mọ iye atẹ́gùn tó wà nínú ẹ̀, owó ló dà sílẹ̀ yẹn. Táyà fúnra ẹ̀, rọ́bà àti okùn àti wáyà lásán ni. Ẹ tú atẹ́gùn inú ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ lé e, ẹ máa rí bó ṣe máa tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Atẹ́gùn ló ń gbé Hilux yẹn, òun ló ń gbé pákí, òun ló ń gbé ẹ̀yin àti dẹ́rẹ́bà, rọ́bà kàn dì í mú ni bí àpò ṣe ń di gàárì mú.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Bọ̀dá kan tó ń kó iṣu gbé píkọ́ọ̀pù ẹ̀ wá ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ilé ẹ̀ ò jìnnà sí wa nítòsí Tákíè níbí, torí náà táyà ò tíì gbóná. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi 40 sí ẹ̀yìn méjèèjì ni. Mo ṣí ìdérí fáàfù, mo ki géèjì bọ̀ ọ́, ti ọ̀tún 38, ti òsì 23. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n o, méjèèjì rí bákan náà, torí táyà radial, irú tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò báyìí, máa ń wú díẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tó ti fara kanlẹ̀ bí atẹ́gùn ẹ̀ tiẹ̀ pé. A tú ti òsì kúrò lára ríìmù. Inú ẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun dúdú, ó kúnná bí ẹ̀tù, ó tó ẹ̀kúnwọ́. Mo fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ táyà látinú, ó dé ibì kan tó rọ̀ jọ́ọ́jọ́ọ́, wáyà inú ẹ̀ ti fẹ́ máa yọjú. Ìyẹ̀fun yẹn, táyà fúnra ẹ̀ ni. Ó ti ń rìn lórí atẹ́gùn kékeré pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń ká, ó ń nà, ó ń ká, ó ń nà, tí táyà tó tóbi tó ti yín bá sì ń sá 100 lórí títì, ó máa ń yí ju ìgbà mẹ́wàá lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ wá ka iye ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ yẹn máa ká láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́. Kíká yẹn ló ń fa ooru, ooru ló ń pa táyà. Ọ̀pọ̀ táyà tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń sọ pé ayé ló ṣe é, atẹ́gùn tó kéré àti ẹrù tó pọ̀ ni. Bọ̀dá yẹn fẹ́ lọ Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo dúpẹ́ pé ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi.

Ó yá, ọ̀rọ̀ 50 yẹn. Fọganáísà yín ò purọ́ tán, ẹ má bá a jà, ó mọ̀ pé ẹrù ń fẹ́ atẹ́gùn. Ibi tí ó ti ṣì í ni pé ó fẹ́ fi iye kan náà sí iwájú àti ẹ̀yìn, ìgbà tí ẹrù wà àti ìgbà tí ò sí, láìbéèrè irú táyà. Nọ́ńbà méjì ló wà tí àwọn èèyàn máa ń kó pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra ẹ̀, tí wọ́n kọ MAX sí iwájú ẹ̀, ìyẹn ni òpin ibi tí táyà lè gbà dé, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín fẹ́. Èyí tí ọkọ̀ fẹ́ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Tiyín, mo rí i nínú fọ́tò, 29 níwájú, 29 lẹ́yìn tí ẹ ò bá kó nǹkan, 36 lẹ́yìn tí ẹ bá rẹrù. Tí ẹ bá fi 50 sí irú táyà tó wà níbẹ̀ báyìí tí ẹ sì ń lọ sóko lófìfo, ọkọ̀ á máa ta bí ewúrẹ́, àárín ojú táyà nìkan láá máa kanlẹ̀, àárín yẹn láá kọ́kọ́ jẹ tán, bíréèkì ò ní mú dáadáa lójú títì tó tutù, tí táyà bá sì gun òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó tàbí kùkùté, kò ní lè fà sẹ́yìn fún un, òkúta á gún un wọlé ni. Táyà tó le kankan ni òkúta máa ń ya.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rà kì í ṣe táyà, géèjì ni. Ẹ ra tiyín, ẹ fi sínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Géèjì àwọn fọganáísà ẹlòmíì ti já lulẹ̀ títí, oòrùn ti pa á, òjò ti pa á, ó lè fi 5 tàbí 6 purọ́ fún yín láìmọ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, torí nọ́ńbà ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ti táyà tútù ni. Tí ọkọ̀ bá ti rìn, atẹ́gùn á gbóná, á fẹ̀, géèjì á fi bíi 4 sí 6 lé e, ẹ má tú ìyẹn dànù o! Mo mọ àwọn dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá dé Ọ̀yọ́ wọ́n á ní táyà ti le jù, wọ́n á tú u, ó wá di ọjọ́ kejì láàárọ̀ táyà ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bákan náà, ìgbà ọyẹ́, àárọ̀ máa ń tutù nini tí ọ̀sán á wá gbóná bí iná, atẹ́gùn inú táyà máa ń yí bíi psi 1 fún ìwọ̀n bíi 5 tàbí 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí náà ó lè fi 3 yàtọ̀ láàárín ìdájí àti ọ̀sán láìjẹ́ pé táyà ń jò. Ẹni tí ò bá mọ èyí á máa pààrọ̀ fáàfù lásán.

Ìdánwò kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an, kò ná yín ní nǹkan kan ju ẹfun ìkọ̀wé lọ. Ẹ kó ẹrù tẹ́ ẹ sábà máa ń kó sẹ́yìn, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ fi ẹfun fa ìlà kan gbọọrọ lójú táyà láti etí kan dé etí kejì, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà wa ọkọ̀ síwájú ní tààrà díẹ̀, bí ìrìn ẹsẹ̀ ogún, kẹ́ ẹ wá lọ wò ó. Tí ẹfun bá pa rẹ́ láàárín nìkan tó kù létí méjèèjì, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Tó bá pa rẹ́ létí méjèèjì tó kù láàárín, kò tó. Tó bá pa rẹ́ dọ́gba, ẹ kọ nọ́ńbà géèjì sílẹ̀, ẹ̀ ń sún mọ́ iye tí ẹrù yín fẹ́ nìyẹn. Kò gbọdọ̀ kéré ju ti ẹnu ilẹ̀kùn lọ ṣá, kò sì gbọdọ̀ kọjá MAX tó wà lára táyà.

Ó wá kan táyà báyìí. Lẹ́tà méjìméjì tẹ́ ẹ máa ń rí lára táyà píkọ́ọ̀pù, HT ni ti ojú títì, MT ni ti ẹrẹ̀, AT wà láàárín, ti gbogbo ilẹ̀. BFGoodrich ni wọ́n mú èyí tí wọ́n pè ní All-Terrain T/A jáde lọ́dún 1976, látìgbà náà ni orúkọ yẹn ti di ti gbogbo èèyàn, ó ti dé ọ̀dọ̀ Bridgestone, Yokohama, Goodyear, Toyo, Maxxis, àti àwọn ti Ṣáínà lóríṣiríṣi.

Mo mọ ìdí tí dẹ́rẹ́bà yín fi fẹ́ MT. Òun ló wà nínú ẹrẹ̀ yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, òun ló ń gé ewé tì í sábẹ́ táyà, ó sì yẹ kí ara máa ro ó. Eyín MT tóbi, àlàfo wọn fẹ̀, ẹrẹ̀ ò ní lè dí i, á máa jù ú nù bí táyà ṣe ń yí. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò kìlómítà tí ẹ ń rìn. Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń lọ ní Sátidé, bíi 100 kìlómítà ni àlọ nìkan, orí títì ni. Ọ̀nà oko yín náà, ẹ ní apá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ jẹ́ títì kẹ́ ẹ tó yà sọ́nà oko. MT lórí títì, á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta, kò ní pẹ́ jẹ, á máa jẹ epo, èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé tí òjò bá ti pa títì, rọ́bà tó kanlẹ̀ kéré, ọkọ̀ ò ní tètè dúró. Ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ yẹn pẹ̀lú tírélà níwájú àti lẹ́yìn, níbi tí èèyàn á kàn ṣàdédé bá kòtò pàdé, ibi tí mo fẹ́ kí bíréèkì yín ti mú nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé inú igbó nìkan ni ọkọ̀ yẹn ń gbé, màá ní ẹ ra MT. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ yín. AT ni kẹ́ ẹ rà.

Àmọ́ AT tiẹ̀ pín sí méjì, ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ká a. Ìkan wà tí wọ́n kọ 265/65R17 sí lásán, tí nọ́ńbà ẹrù ẹ̀ jẹ́ 112. Òmíràn wà tí wọ́n kọ LT (ìyẹn Light Truck, ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) sí iwájú ẹ̀, LT265/65R17, táwọn èèyàn ń pè ní táyà oní-10-ply, torí agbára ẹ̀ dà bíi ti ìpele okùn mẹ́wàá, nọ́ńbà ẹrù ẹ̀ máa ń wà ní bíi 120. 265 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn, 17 ni ríìmù. Nọ́ńbà ẹrù wá ni àwọn èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀rọ̀ kàn. 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru 1,120 kìlógíráàmù tí atẹ́gùn ẹ̀ bá pé. 120 jẹ́ 1,400. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e ni eré, S jẹ́ 180 kìlómítà ní wákàtí kan, T jẹ́ 190, ìyẹn ò kàn yín rárá, FRSC tiẹ̀ ní 100 ló yẹ kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sá mọ lórí ọ̀nà márosẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀yìn ọkọ̀. Hilux bíi tiyín lófìfo, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan máa ń wúwo tó bíi 800 kìlógíráàmù. Ẹ wá kó pákí tọ́ọ̀nù kan lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀yìn ni gbogbo ẹ̀ máa ṣubú sí, ó ti di 1,800, ìyẹn 900 lórí táyà kọ̀ọ̀kan. 112 á gbé e, àmọ́ àyè tó kù ò tó nǹkan, tí atẹ́gùn bá wá lọ sílẹ̀ kò sí àyè mọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ wá ní ó lé yẹn, tó bá dé tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀, 2,300 ti wà lórí táyà méjì tí agbára àwọn méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 2,240. Ẹ ti kọjá nìyẹn, kẹ́ ẹ tó kó sí kòtò kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ ra LT. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ nípọn ju ti ìkejì lọ, kùkùté tí wọ́n gé sílẹ̀ lójú ọ̀nà oko yẹn ò ní tètè gún un. Mi ò ní fi àléébù ẹ̀ pamọ́ fún yín: ó wọ́n, ó wúwo, ó máa jẹ epo díẹ̀ sí i, tí ẹ̀yìn bá sì ṣófo ọkọ̀ á máa gbọ̀n yín. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé LT ò sọ Hilux di tírélà o. Táyà ti lè gbé 1,400, sípíríǹgì, ásù àti bíréèkì yín ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Tọ́ọ̀nù kan ni kẹ́ ẹ fi mọ, àpò tó bá lé, kó dúró de ọjọ́ kejì, pákí á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan wà nípa LT tí púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà á gan-an ò mọ̀. Kó tó lè ru ẹrù kan náà tí táyà àkọ́kọ́ rù, ó fẹ́ atẹ́gùn tó jù ú lọ, ó lè jù ú lọ ní psi 10 tàbí kó tiẹ̀ lé. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ra LT, ẹ ò lè lo 29 àti 36 ẹnu ilẹ̀kùn yẹn mọ́, á kéré fún un, á máa gbóná. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 38 níwájú, 38 lẹ́yìn lófìfo, 50 lẹ́yìn tí pákí bá ti wà níbẹ̀. Ẹ rí i, 50 fọganáísà yẹn rí ibi jókòó sí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, àmọ́ lórí LT ni, lẹ́yìn ni, pẹ̀lú ẹrù ni. Tó bá jẹ́ pé owó ò gbé LT báyìí, ẹ ra AT lásán tí nọ́ńbà ẹrù ẹ̀ ò kéré sí 112, ẹ lo 30 sí 32 níwájú, 30 lẹ́yìn lófìfo, 36 sí 38 tẹ́ ẹ bá rẹrù, kẹ́ ẹ dín àpò kù. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹfun wò ó bí mo ṣe sọ.

Dẹ́rẹ́bà lè ní kẹ́ ẹ ra èyí tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọkọ̀ á wuyì. 265/70R17, ìyẹn ò burú púpọ̀, ó fi nǹkan bíi mìlímítà 26 ga ju tiyín lọ, tí mítà bá ń ka 100 ẹ ti ń sá 103. Tó bá ti di 285/70R17, táyà á máa ha ara ọkọ̀ tẹ́ ẹ bá yí síárín, ẹ́ńjìnnì á máa làágùn láti yí i, mi ò bá yín dé ibẹ̀. Tiyín gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, irú kan náà. Kì í ṣe tẹwà o, Hilux tó bá ti wà nínú fóò-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn dè mọ́ra wọn ni, tí táyà iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ wọ́n á máa fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, jíà ibẹ̀ ló máa sanwó ẹ̀. Nítorí ẹ̀ náà ni dẹ́rẹ́bà fi gbọ́dọ̀ yọ fóò-wíìlì tó bá ti jáde sórí títì gbígbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọjọ́ orí táyà. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà wọn ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007 tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró n'Ìkẹjà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ jù nínú táyà tí à ń lò, ojú omi ló ń gbà wá, á jókòó sínú kọ̀ǹténà, á jókòó sí wíáháòsì, á tún jókòó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Rọ́bà ń darúgbó bí wọn ò tiẹ̀ lò ó. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà: 1424 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2024. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ pé sí, tẹ́ ẹ ò bá rí i lápá kan ẹ ní kí wọ́n yí táyà padà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé táyà tuntun kì í ní. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọdún 4 láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, ń kà sí òpin. Nítorí náà èyí tó ti lo ọdún 2 kí wọ́n tó tà á fún yín, ìdajì ayé ẹ̀ ti lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Rárá, Àǹtí. Mo mọ̀ pé owó le. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ yìí mo ra tòkunbọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi ọ̀dà dúdú kùn ún tó ń dán gbinrin, mo fi sí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Kò pé oṣù méjì tí ìkan fi bóra, ojú ẹ̀ ya kúrò lára ẹ̀ gbọọrọ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, lórí eré. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, mo dúpẹ́, àmọ́ títí di òní n kì í ta á, n kì í sì bá èèyàn fi sọ́kọ̀.

Ẹrẹ̀ yẹn wá kù. Ilẹ̀ pupa tí òjò bá ti rọ̀ sí máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, táyà kankan tó bá le bí òkúta ò sì lè borí ẹ̀. Ohun tí dẹ́rẹ́bà yín máa ṣe lọ́jọ́ mìíràn ni pé kó tó wọ ibi tó ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti há, kó dín atẹ́gùn kù. Lófìfo, kó mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí 20 tàbí 22. Táyà á rọ̀, á gùn sílẹ̀, ibi tó fi kanlẹ̀ á pọ̀ sí i, eyín púpọ̀ sí i á rí ilẹ̀ dì mú. Kó fi fóò-wíìlì sí i, kó máa rọra lọ, eré ò gbọdọ̀ kọjá 30, kó má yí síárín lójijì torí etí táyà lè yọ kúrò lára ríìmù. Kó má lọ sílẹ̀ ju 18 lọ lọ́nà oko tó ní kùkùté. Tẹ́ ẹ bá wá rẹrù ńkọ́? Ẹ má dín in kù tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀nù kan, ẹ̀gbẹ́ táyà ló máa ká sínú. Ẹ sọ ìdajì àpò kalẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ kọjá, ẹ padà wá fi orí ru ìyókù. Iṣẹ́ ni, mo mọ̀, àmọ́ ó rọrùn ju kẹ́ ẹ máa gé ewé nínú òkùnkùn. Tí ọ̀nà ò bá ní ẹrẹ̀ tó jẹ́ pé ó kàn rí wàgàwàgà bíi páànù ìbolé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ dín 4 tàbí 5 kù lófìfo, ara ọkọ̀ àti ara yín á mọ̀ ọ́n.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dín kù, ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kẹ́ ẹ tó gun títì. Kò sí fọganáísà lẹ́nu ọ̀nà oko, torí náà ẹ ra kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì ọkọ̀, èyí tó ní ẹnu tí wọ́n fi ń gé bátìrì jẹ, kì í ṣe ti inú ihò sìgá, ìyẹn ò lágbára tó fún táyà Hilux, á kàn gbóná kú mọ́ yín lọ́wọ́ ni.

Ìyókù ò pọ̀. Tí ìṣó bá gún ojú táyà, kí wọ́n tú u, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ látinú, rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n máa ń kì bọ ihò láti ìta yẹn kàn wà láti fi gbé yín délé ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya, ó parí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rán an, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi túùbù sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wá fi kó ẹrù lọ Ìbàdàn. Ẹ máa gbé ti iwájú sẹ́yìn ní bíi 8,000 sí 10,000 kìlómítà, kẹ́ ẹ sì ṣe àláímẹ́ńtì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi táyà tuntun sí i. Eyín táyà, tó bá ti ku bíi mìlímítà 4, kò ní wúlò fún ẹrẹ̀ mọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá di 1.6 tó jẹ́ òpin fún ojú títì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ táyà ránṣẹ́ sí mi, kí n rí LT, kí n rí nọ́ńbà ẹrù, kí n rí DOT. Sípíà táyà abẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́la láàárọ̀ kó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Mo ti rí èyí tó ku 9 rí, lójú ọ̀nà, nínú òjò, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.